Ìwé alájọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà sétí gbogbo ọjà: Ẹ̀kọ́ lórí ipasẹ̀ tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ínfátà sílé lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tí wọ́n ń tà á láàárọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìpolówó ínfátà á ti máa yọ sí i lórí Facebook, á tún yọ níbi tó ti ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, á sì tún yọ láàárín fídíò tó ń wò. Bó bá débi iṣẹ́, á ní fóònù òun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tóun ń sọ. Ẹlòmíràn á ní àjẹ́ ló wà nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, òwò ni. Ọkùnrin náà fi ipasẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn tó ń fi títọpasẹ̀ èèyàn jẹun sì tẹ̀ lé e.

Òwò yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Obìnrin tó ń fi WhatsApp ta aṣọ, ilé ìwé aládàáni, ilé ìtajà oògùn, òtẹ́ẹ̀lì àti ẹni tó ń yáni lówó, gbogbo wọn ló ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà. Gbogbo wọn ló sì yẹ kó mọ̀ pé láti ọdún 2023, òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí ohun tí èèyàn lè fi orúkọ àti nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣe. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n inú òwò ìsọfúnni lè fi jèrè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pàdánù owó, ó sì lè pàdánù orúkọ rere, èyí tó ṣòro láti rà padà.

DÁTÀ MÉJÌ LÓ WÀ

Bí wọ́n bá dárúkọ dátà nílẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti fi wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn. Òmíràn ni dátà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìsọfúnni nípa èèyàn ni: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ibi tó ń gbé, ọjọ́ tí wọ́n bí i, nọ́ńbà BVN àti NIN rẹ̀, ohun tó rà, ohun tó wò tí kò rà, àwọn tó ń pè, àti ibi tí fóònù rẹ̀ wà ní aago kan òru.

Bí wọ́n bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè dà bíi pé wọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ta ló bìkítà pé ẹnì kan ra páànádù lọ́jọ́ Ajé? Àmọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan fún ọdún kan, wọ́n á mọ ibi tónítọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìjọsìn tó ń lọ, àìsàn tó ń bá a jà, àti ọjọ́ tí owó máa ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù. Aládùúgbò tó ti bá a gbé fún ogún ọdún lè má mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ mú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ọjà. Alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láràárọ̀ ti ní in lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìwé rẹ̀ ló sọ iye tí ìyá aláta ń dá lójúmọ́. Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé ìyá ẹlẹ́ja kò rí nǹkan dá fún ọjọ́ mẹ́ta, àti pé ẹlẹ́ran bèèrè owó rẹ̀ kí oṣù tó pé torí owó ilé ìwé ọmọ. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò mọ ẹni tó lówó àti ẹni tó wà nínú ìṣòro. Ṣùgbọ́n alájọ tó mọṣẹ́ kì í kà á sétí ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọjà bá gbọ́ pé òun ń sọ owó ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ọjọ́ náà ni gbogbo wọn á ní kóun kó owó wọn wá. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, àṣírí wọn náà wà níbẹ̀. Àmánà ni méjèèjì.

Gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ títọpasẹ̀ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju ìyẹn lọ: ìwé alájọ wà lọ́wọ́ ta ni, kí ló sì ń fi ṣe?

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌPASẸ̀ ÈÈYÀN

Nígbà tí ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé, kò ní ìwé alájọ kankan. Ìkànnì kì í rántí ẹni tó wá. Èèyàn lè mú ọjà kan sínú apẹ̀rẹ̀, bó bá ṣí ojú ewé kejì, ìkànnì náà á ti gbàgbé pé ó mú nǹkan kan. Ó ṣòro láti tajà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1994, Lou Montulli, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Netscape l'Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n kan dá. Ó ní kí ìkànnì máa fi àmì kékeré kan pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹni tó bá wá, kó lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Kúkì ni wọ́n pe àmì yìí. Ó dà bíi tálì tí àwọn báńkì máa ń fún oníbàárà láyé ọjọ́un: ẹni tó mú tálì dání ni wọ́n ń dá lóhùn, kì í tún ṣàlàyé ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Títí dibẹ̀, kò sí ohun tó burú. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà dá sí i. Ojú ewé kan lè gbé ìpolówó tó wá láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ilé-iṣẹ́ náà sì lè fi kúkì tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ka ojú ewé ọ̀hún. Bí ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan bá wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì, yóò máa rí ẹnì kan náà níbi gbogbo tó bá yà sí. Ó wá dà bíi tálì kan ṣoṣo tí gbogbo báńkì ìlú ń kà, tí ẹni tó mú un dání kò sì mọ̀ pé òun mú nǹkan kan dání. DoubleClick wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí là. Google fẹnu kò láti rà á lọ́dún 2007 ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2008.

Ti fóònù tún ju ìyẹn lọ. Fóònù kì í kúrò lára èèyàn, ó ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Àwọn fóònù ìgbàlódé ní nọ́ńbà kan nínú tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpolówó ọjà. Bí èèyàn bá sì gbé áàpù tuntun sórí fóònù, áàpù náà lè bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kóun mọ ibi tó wà, kóun rí àwọn nọ́ńbà tó tọ́jú, kóun wo fọ́tò rẹ̀, kóun sì lo ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á, torí pé wọ́n fẹ́ kí áàpù náà tètè ṣí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni gbàǹjo. Bí ọkùnrin oní-ínfátà ìṣáájú bá ṣí ojú ewé ìròyìn, kọ̀ǹpútà àwọn tó ń polówó ọjà máa ń na owó síra wọn lórí àyè tó ṣófo lójú ewé náà. Ẹni tó bá na owó tó pọ̀ jù ni ìpolówó tiẹ̀ á yọ. Kíá ni gbàǹjo yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń parí, kí ojú ewé tó ṣí tán. Kì í ṣe àyè òfìfo ni wọ́n ń lù ní gbàǹjo ní ti gidi, ojú ọkùnrin yẹn ni. Ojú ẹni tó ti ń wá ínfátà láàárọ̀ níye lórí fún ẹni tó ń ta ínfátà ju ojú ẹlòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi nílò kí fóònù máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ipasẹ̀ rẹ̀ ti sọ ohun gbogbo.

Yorùbá ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Gbogbo ayé ń wọ́ lọ sórí Google àti Facebook torí ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023 nìkan, owó tó wọlé fún Google lórí ìpolówó ọjà lé ní bílíọ̀nù 237 dọ́là. Ti Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lé ní bílíọ̀nù 131 dọ́là. Àwọn oníṣòwò ló san án, wọ́n sì fi í sórí ọjà tí wọ́n ń tà. Oníbàárà ló padà san án.

ÈRÈ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN ONÍṢÒWÒ KÉKERÉ

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ àdánù. Ká ní obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Bó bá gbé ìpolówó lọ sórí rédíò, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló sanwó fún, títí kan àwọn tí kì í wọ àdìrẹ láyé wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè sọ pé àwọn obìnrin tó wà l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, tí wọ́n ti wo aṣọ ìnáwó láìpẹ́, lòun fẹ́ kó rí i. Ó lè ní kí wọ́n tún gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀, kó sì dá a dúró nígbàkigbà. Oníṣòwò kékeré kò ní irú àǹfààní yìí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò. Ká ní ó ná 6,000 náírà sórí ìpolówó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ogójì èèyàn tẹ ìpolówó náà, mẹ́wàá kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, mẹ́ta rajà. Iye tó ná láti rí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ 2,000 náírà. Bí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ 1,500 náírà, èrè rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 4,500, ó sì ti pàdánù 1,500. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ì báà yìn ín lábẹ́ fọ́tò, àdánù ni. Ṣùgbọ́n bí méjì nínú àwọn mẹ́ta náà bá padà wá ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìsí ìpolówó mìíràn, èrè ti di 7,500, òun náà sì ti jèrè 1,500. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tó padà wá ló ń sọ ìpolówó di èrè. Kò sì sí bí obìnrin náà ṣe lè mọ ẹni tó padà wá bí kò bá ní ìwé tó kọ orúkọ oníbàárà àti ohun tí wọ́n rà sí.

Ìdí kejì wà tó fi yẹ kó ní ìwé tirẹ̀. Ẹni tó gbára lé Facebook nìkan láti rí oníbàárà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kọ́lé sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Apple yí ètò fóònù iPhone padà. Wọ́n ní áàpù tó bá fẹ́ máa tọpasẹ̀ èèyàn láti áàpù kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù. Nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè tààrà, ọ̀pọ̀ ló kọ̀. Nínú oṣù kejì ọdún 2022, Meta sọ fáwọn tó ní ìpín nílé-iṣẹ́ náà pé ìyípadà yìí lè jẹ́ kí nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ kejì, iye tí ìpín wọn jẹ́ lọ́jà fi ohun tó lé ní bílíọ̀nù 200 dọ́là wálẹ̀. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn polówó náà rí i pé ó ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti mọ ẹni tí ìpolówó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá lè ṣe erin báyìí, kí ni yóò ṣe èkúté? Oníṣòwò tó ní ìwé oníbàárà tirẹ̀ nìkan ló lè dúró bí onílẹ̀ bá gba ilẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí aláàdìrẹ bá sì ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́, òun náà ti di alájọ. Ẹrù alájọ ti wà lórí rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ALÁJỌ BÁ KA ÌWÉ RẸ̀ SÍTA

Ohun tí àwọn áàpù kan tó ń yáni lówó ṣe nílẹ̀ Nàìjíríà ló jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Àwọn áàpù yìí ń yá èèyàn lówó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, láìgba ìwé ilẹ̀, láìbéèrè onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù lóru kò lè rí báńkì tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ṣe àwọn èèyàn láǹfààní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yáni lówó láìsí ohun ìdúró gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó fi ọkàn lé. Ìsọfúnni inú fóònù ni. Kí áàpù náà tó yá ẹnì kan lówó, ó ń ní kó jẹ́ kóun rí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ẹni tó nílò owó ò ní ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ọjọ́ tó yẹ kó sanwó bá kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sọ́dọ̀ àna rẹ̀, pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀, àti ẹni tó bá a tún ọkọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé olè ni, pé ó ti sá lọ. Àwọn kan rí fọ́tò ara wọn níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí i pé ọ̀daràn tí wọ́n ń wá ni wọ́n. Gbèsè tí kò tó owó ìrẹsì kan ba orúkọ tí èèyàn fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ jẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Àna, ọ̀gá àti mẹkáníìkì yẹn kò yá owó kankan, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó mú nọ́ńbà wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí. Àwọn áàpù wọ̀nyí sọ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn di onígbọ̀wọ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìsọfúnni ẹnì kan kì í sábà jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Bó bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ pé orí ẹlòmíràn ló fi lélẹ̀.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending torí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan n'Íkẹjà, l'Ékòó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, FCCPC ní gbogbo ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Google kò gbà mọ́ kí áàpù tó ń yáni lówó lórí Play Store máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò tó wà nínú fóònù èèyàn. Lọ́dún 2025, FCCPC tún gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tó lè sọ ayánilówó tó bá rú u sínú ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 100 náírà.

Àwọn ńlá náà kò mú un jẹ. Lọ́dún 2021, WhatsApp gbé ìlànà tuntun jáde lórí bí yóò ṣe máa lo ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó. FCCPC ṣèwádìí fún oṣù 38, wọ́n sì ní Meta kò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ tó fún àwọn ará Yúróòpù, níbi tí òfin tó le ti wà láti oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Ilé-iṣẹ́ náà kò fara mọ́ ọn, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìtanràn ọ̀hún ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Lọ́jọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn ní Nàìjíríà. Òfin náà ló dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ lọ́yà kúrò nínú rẹ̀, ohun tó sọ kò jìnnà sí ohun tí alájọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá máa gba ìsọfúnni gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu, bíi pé ẹni tó ni ín gbà bẹ́ẹ̀, tàbí pé iṣẹ́ tó gbé fún un kò ṣeé ṣe láìsí i. Ohun tó nílò nìkan ni kó gbà. Ohun tó torí ẹ̀ gbà á ni kó fi ṣe. Kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó má sì fi í pa mọ́ ju ìgbà tó yẹ lọ. Ẹni tó ni ìsọfúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n kọ nípa òun, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, àti láti sọ pé òun kò fẹ́ mọ́. Bí ìsọfúnni bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó NDPC létí láàárín wákàtí 72. Ìtanràn àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ti àwọn yòókù lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá kan náà. Mílíọ̀nù méjì lè kó gbogbo ọjà inú ìsọ̀ kan lọ.

OHUN TÓ YẸ KÍ ONÍṢÒWÒ ṢE

Èkíní, kó má gba ohun tí kò nílò. Ẹni tó ń ta bàtà nílò orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ibi tó máa gbé e lọ àti ìwọ̀n ẹsẹ̀. Kò nílò NIN oníbàárà. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni, olè kò lè jí i níbẹ̀.

Èkejì, kó sọ ohun tó fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe nígbà tó bá ń gbà á. Gbólóhùn kan ti tó: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ ká máa fi tó yín létí bí ọjà tuntun bá dé?" Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kó ṣọ́ra fún gúrúùpù WhatsApp. Oníṣòwò tó kó igba oníbàárà jọ sínú gúrúùpù kan ti fi nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn han àwọn yòókù, títí kan oníjìbìtì tó bá wà láàárín wọn. Ètò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wà lórí WhatsApp yẹn náà. Òun ló yẹ kó lò.

Ẹ̀kẹrin, kó má ta ìwé oníbàárà, kó má sì fi tọrẹ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń lọ, kó gba fóònù ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì pààrọ̀ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ẹ̀karùn-ún, kó ti ìwé náà pa. Èyí tó wà lórí fóònù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, èyí tó wà lórí bébà kò gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ìwé òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé ìwòsàn tó bá dé ọwọ́ ẹlẹ́pà ti tú àṣírí èèyàn sójú títì.

OHUN TÓ YẸ KÍ ONÍBÀÁRÀ ṢE

Kí oníbàárà wo ohun tí áàpù ń bèèrè kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Áàpù tó ń tan iná fóònù kò ní ohun tó fẹ́ fi nọ́ńbà àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe. Kó wọ inú ètò fóònù rẹ̀, kó yẹ gbogbo áàpù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì gba àṣẹ tó ti fún èyí tí kò nílò rẹ̀ padà. Áàpù tí kò lò mọ́, kó pa á rẹ́.

Bó bá fẹ́ yáwó, kó kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì FCCPC bóyá ayánilówó náà wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ torí gbèsè, kó má pa á rẹ́ torí ìtìjú. Ẹ̀rí ni. Kó tọ́jú rẹ̀, kó sì fẹjọ́ sùn ní FCCPC tàbí NDPC. Pé èèyàn jẹ gbèsè kò sọ pé kí wọ́n máa fi í ṣẹ̀sín káàkiri. Owó ló jẹ, owó náà ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tó bófin mu.

Kò sí ẹni tó lè ní òun kò ní fi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo fóònù, tó ń gba owó ní báńkì, tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ ilẹ̀ kó tó rìn. Ohun tó kù ni pé kí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀, kí ẹni tó sì rí ipasẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nọ́ńbà oníbàárà tó ti jáde kò ṣeé dá padà sínú ìwé. Ọjà kan ṣoṣo ni aláàdìrẹ Ìtòkú, ilé ìwé aládàáni àti ilé-iṣẹ́ tó wà l'Amẹ́ríkà jọ ń ná báyìí. Alájọ tó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọjà yóò máa kówó fún.